Nípa Àwòrán Títẹ̀ ti Ilẹ̀ Japan àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Rà Á

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra àwòrán kan ní ìlú Èkó, mo sì gbé e wá sí Ìkọ̀lé pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Àwòrán ìgbì òkun ni, èyí tí Hokusai, ará ilẹ̀ Japan, yà, tí ojú gbogbo ayé sì ti mọ̀. Ọkùnrin tí ó tà á fún mi sọ pé ara pákó gbígbẹ́ ni a ti tẹ̀ ẹ́, pé ó ti pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ òun, àti pé nítorí pé mo jẹ́ olùkọ́ ni òun ṣe bu owó rẹ̀ kù. Mo san owó náà, n kò yọ kọ́bọ̀. Nígbà tí mo dé ilé, mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo gbé àwòrán náà kọ́, inú mi sì dùn bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, wá kí mi láti Ọ̀yẹ́. Ó mú dígí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ń wo ẹsẹ̀ kòkòrò jáde láti inú àpò rẹ̀, ó gbé e lé ojú àwòrán mi, ó sì ní kí n wá wò ó. Ohun tí mo rí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, aláwọ̀ aró, pupa, ìyeyè àti dúdú, tí a tò bí èèrà tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tẹ àwòrán kàlẹ́ńdà. Kò sí pákó, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn bi mí léèrè pé, “Tíṣà, kí ni ẹ ti rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á?” N kò rí èsì fọ̀.

Owó kọ́ ni ohun tí ó dùn mí jù. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbé àwòrán náà dé, mo ti gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá níbi tí a ti fi apá kan ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ àtijọ́ dí ẹnu ọgbà ewúrẹ́. Mo rí ẹṣin àti ẹni tí ó gùn ún lára pákó náà; mo rí i, mo sì kọjá. Mo ti fi owó ra òjìji iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ará Japan, n kò sì dúró wo iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì tí mo lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. N kò sọ pé kí a má ra àwòrán ilẹ̀ Japan. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń wo àwòrán náà yóò mọ bí a ti ń rà á, yóò sì tún mọ ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní ìlú Edo, tí à ń pè ní Tokyo lónìí, láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ mẹ́rin ni ó máa ń pàdé lórí àwòrán kan. Oníṣòwò ìwé ni ó ń dá owó lé e, òun ni ó sì ń tà á. Ayàwòrán a fi búrọ́ọ̀ṣì ya àwòrán sórí tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà a gba tákàdá náà, a lẹ ojú rẹ̀ mọ́ pákó igi ṣẹ́rì, a sì gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, títí ìlà nìkan yóò fi yọ sókè. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbẹ́ pákó mìíràn fún àwọn àwọ̀. Atẹ̀wé a wá fi àwọ̀ pa pákó, a tẹ́ tákàdá tí ó tutù díẹ̀ lé e, a sì fi ohun pẹlẹbẹ kan tí a fi èèpo ọparun wé tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ yípoyípo títí àwọ̀ yóò fi mu dénú. Bí a bá ní láti tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, nígbà mẹ́wàá ni tákàdá kan ṣoṣo yóò lọ sórí pákó, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí rí. Orúkọ ayàwòrán ni ayé mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbọ̀n, ògo ayàwòrán ti bàjẹ́.

Ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àwòrán tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà ti parun lábẹ́ ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò sí ojúlówó kan tí a fi pamọ́ síbì kan, tí àwọn yòókù wá jẹ́ àwòkọ rẹ̀. Ẹ̀dà tí a tẹ̀ ni àwòrán náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí orin tí ó wà nínú ìwé orin yín kò ti dín kù nítorí pé ó wà nínú ìwé orin tèmi pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwòrán títẹ̀ kò níyì nítorí pé ó pọ̀, wọn kò tí ì lóye iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ẹ̀dà ju ẹ̀dà lọ. Pákó a máa gbó. Ìlà tí ó mú nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ a máa fẹ̀ sí i, a sì máa já níbi tí igi ti ṣẹ́. Oníṣòwò tí ó ń kánjú a sì máa sọ fún atẹ̀wé pé kí ó fo àwọn iṣẹ́ tí ó gba àkókò dá. Nítorí náà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà ìkẹyìn lè ti ara pákó kan náà wá, kí wọ́n má sì jọ ara wọn ju bí ọmọ ìyá méjì ti ń jọ ara wọn lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ọgbọ́n ẹni tí ń ra àwòrán títẹ̀ dúró lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbì Hokusai wàyí. Hokusai gbé ayé láti ọdún 1760 sí ọdún 1849, ó sì ti tó ẹni 70 ọdún nígbà tí àwòrán yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1831. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán òkè Fuji tí a pè ní 36, ṣùgbọ́n tí ó di 46 nígbà tí àwọn ará ìlú ń rà wọ́n gidigidi. Bí a bá bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí ni ó wà nínú àwòrán náà, yóò ní, “Omi ni.” Kí ó tún wò ó. Ọkọ̀ gígùn mẹ́ta ni ó wà lójú omi, irú èyí tí ń gbé ẹja lọ sí ọjà Edo. Àwọn atukọ̀ tẹrí ba, wọ́n di àjẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni kò gbé ojú sókè wo ohun tí ń bọ̀ lórí wọn. Ìgbì na ọwọ́ rẹ̀ bí èékánná àṣá. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òkè Fuji, tí ó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ Japan lọ, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ṣì í mú fún ìgbì mìíràn. Ohun tí ń ṣubú ni ayàwòrán sọ di ńlá. Ohun tí ó dúró ni ó sọ di kékeré. Bí a bá sì ti wò ó pẹ́, ojú á fi ìgbì sílẹ̀, á lọ dúró lórí òkè náà.

Ibi tí ẹ̀dà ẹ̀rọ bíi tèmi ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an nìyí. Àwọn tí ń tà á a máa mú aró rẹ̀ tàn yòò kí ó lè fa ojú ẹni tí ń kọjá lọ. Wọ́n a máa gé etí rẹ̀ kúrò kí ó lè wọ férémù. Nígbà mìíràn wọ́n a sọ ọ́ di ńlá bí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tí ó jáde ní Edo kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 26 ní gíga àti 38 ní fífẹ̀ lọ. Àwòrán tí a fi ń mú lọ́wọ́ wò ni, bí ìwé. Aró rẹ̀ pàápàá jẹ́ àwọ̀ tí ó jẹ́ tuntun fún àwọn ará Japan nígbà náà, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, tí ọkọ̀ òkun sì gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń rẹ aṣọ mọ̀ pé aró ju aró lọ: ọ̀kan jinlẹ̀, ọ̀kan sì kàn dúdú ni. Nínú ẹ̀dà tí a tẹ̀ dáadáa, ojú ọ̀run tí ó yí òkè Fuji ká ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tán. Nínú ẹ̀dà ẹ̀rọ mi, ojú ọ̀run funfun gbòò bí ògiri tí a fi ẹfun kùn.

Àwòrán kejì tí mo fẹ́ kí a wò ni ti Hiroshige, tí a bí ní ọdún 1797, tí ó sì kú ní ọdún 1858. Ní ọdún 1857 ni ó ṣe àwòrán òjò òjijì lórí afárá kan ní Edo. Àwọn ènìyàn ń sá lọ sá bọ̀ lórí afárá. Ẹlòmíràn dé akete, ẹlòmíràn fi ẹní borí, àwọn kan sì fara pamọ́ sábẹ́ agbòjò. Ọkùnrin kan ṣoṣo wà lórí igi lílẹ̀pọ̀ nínú odò, ó ń tu ú lọ bí ẹni pé òjò kò kàn án. Ẹni tí òjò ti bá lójú ọ̀nà Ìdó sí Ọ̀yẹ́ rí kò nílò ìtumọ̀.

Ẹ wo òjò náà. Ìlà dúdú tín-ín-rín ni, tí ó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ọ̀wọ́ kan dagun díẹ̀ ju ọ̀wọ́ kejì lọ. Àwọn ìlà wọ̀nyí yọ sókè lára igi ni; èyí ni pé gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ gbogbo ibi tí kì í ṣe òjò kúrò, ó sì fi òjò sílẹ̀. Àwọsánmà dúdú tí ó wà lókè pátápátá kò sí lára pákó rárá. Atẹ̀wé ni ó fi ọwọ́ nu àwọ̀ náà lórí igi tútù kí ó lè ṣú lókè, kí ó sì máa mọ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí ẹ bá rí ẹ̀dà tí àwọsánmà rẹ̀ kò ní ìṣúdẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé atẹ̀wé ń kánjú ni.

Vincent van Gogh, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní ilẹ̀ Holland, ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán Japan ní Paris ní ọdún 1886 àti 1887, nígbà tí ìṣẹ́ ń bá a jà tí owó wọn sì kéré. Ó jókòó ti àwòrán òjò yìí, ó sì fi ọ̀dà olóròóró ya irú rẹ̀ ní ọdún 1887. Ọ̀gá ni Van Gogh, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, òjò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ nípọn, odò rẹ̀ ru, òjò rẹ̀ sì wúwo. Ó kọ́ bí afárá ti dagun, ó kọ́ bí àwọ̀ ti ń bá àwọ̀ jà, ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òjò náà jẹ́ ti igi àti ọ̀bẹ, kò sì ṣe é fi ọ̀dà gbà. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a yìn ín fún ohun kan: kò ra àwòrán kí ó lè fi yangàn. Ó rà á kí ó lè kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀.

Báwo ni àwọn àwòrán wọ̀nyí ṣe dé Paris? Ní Edo, owó ẹ̀dà kan kò ju owó abọ́ oúnjẹ kan tàbí méjì lójú pópó lọ. Àwọn ènìyàn a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ọmọdé a fi ṣeré, bí ó bá sì gbó, a fi wé ẹrù. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé èbúté wọn ní ọdún 1853, tí ìṣòwò sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwòrán títẹ̀ lọ ní ìdì-ìdì. Ẹni tí ó mọyì wúrà ni à ń ta wúrà fún. Àwọn onílé kò mọyì rẹ̀ nígbà náà, àlejò ni ó mọ̀ ọ́n. Lónìí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Boston nìkan ní Amẹ́ríkà ní èyí tí ó lé ní 50,000. Ní nǹkan bí ọdún 1920, ọlọ́rọ̀ kan tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, Matsukata Kōjirō, ní láti lọ sí Paris láti ra nǹkan bí 8,000 padà lọ́wọ́ Henri Vever, ará Faransé, kí ó lè kó wọn wá sílé. Wọ́n wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Tokyo títí di òní. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, a ta ẹ̀dà kan ṣoṣo ti ìgbì Hokusai ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là. Ẹ rántí pé abọ́ oúnjẹ méjì ni ó tó nígbà kan.

Bí mo ti ń ka ìtàn Matsukata, ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ẹ fún Ọgọ̀gà: ọba jókòó, olorì dúró tì í, òyìnbó sì wà nínú àga tí a gbé lé èjìká. Ní ọdún 1924 a gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. British Museum fẹ́ ẹ, Ọgọ̀gà sì gba àga kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. London ni ìlẹ̀kùn náà wà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàrin rẹ̀ àti àwòrán ilẹ̀ Japan, kí a má sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kan bá kúrò ní Edo, ẹ̀dà mìíràn lè kù. Nígbà tí ìlẹ̀kùn bá kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, ẹnu ọ̀nà ṣófo.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dára ni ó yẹ kí olùkọ́ máa rà. Ìlẹ̀kùn, òpó, agere àti orí Ẹ̀pa jẹ́ ti ilé, ti ìdílé tàbí ti ìlú. A kò gbẹ́ wọn fún ọjà. Òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa sílẹ̀ kò tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bí àjọ náà kò bá fún un ní àṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé. Àwòrán títẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fún títà ni a ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò sọ ilé ẹnikẹ́ni di òfìfo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ṣe é sì rí oúnjẹ jẹ. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, n kò mọ ohun tí ó tún sàn jù láti kó jọ.

Ǹjẹ́ ó wá di dandan kí ó jẹ́ ti Japan? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Ọ̀yẹ́ níhìn-ín, láti ọdún 1947 títí di ọdún 1954, àwọn Fadá ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Wọn kò fi àwòrán Róòmù síwájú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà pé kí wọ́n máa ṣe àdàkọ rẹ̀. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Àreògún ti Osi, ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ ogún bàbá rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó fi ọwọ́ tí ó ti mọ̀ gbẹ́ ìtàn ìbí Olúwa. Lábẹ́ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ fi wá kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní ọdún 2009. Ohun tí a gbẹ́ ní Ọ̀yẹ́, fún ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ ni a gbẹ́ ẹ; kò sí ojúbọ tí a tú, kò sí ẹnu ọ̀nà tí a sọ di òfìfo.

Fadá Carroll yìí kan náà wà lára àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìjọ fún Bruce Onobrakpeya, ọmọ Agbarha-Otor tí a bí ní ọdún 1932. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ mọ ọkùnrin yìí, nítorí olùkọ́ ni òun náà: láti ọdún 1963 títí di ọdún 1980 ni ó fi kọ́ni ní ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory ní Èkó. Òun ni ó ya àwòrán sínú ìwé tí Wole Soyinka fi túmọ̀ *Ògbójú Ọdẹ* ti Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ó gbẹ́ Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sára línò, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1969. Kò dà bí àwọn ará Edo, nítorí ọwọ́ kan náà ni ó yà á tí ó sì gbẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí Munakata Shikō ti ṣe ní Japan, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ńlá fún àwòrán títẹ̀ ní Venice ní ọdún 1956.

Kí ni èmi rí nínú Ọ̀nà Àgbélébùú yìí? Mo rí i pé ìjìyà Olúwa ti wọ aṣọ ilẹ̀ wa, ènìyàn dúdú ni ó sì yí I ká. Mo rí i pé ọnà bo gbogbo ojú tákàdá, bí àdìrẹ tí a kò fi ibì kankan sílẹ̀ lára rẹ̀. Ọlá àwòrán náà wà níbẹ̀, àléébù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ọnà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú a máa wá ibi tí yóò sinmi sí, nígbà mìíràn kò sì ní rí i. Ènìyàn ní láti wá Olùgbàlà láàrin ogunlọ́gọ̀. Hiroshige ì bá fi ibì kan sílẹ̀ lófo. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó sí i, mo ń bi ara mi léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà Gọ́lgọ́tà ti rí ní ọjọ́ náà: èrò pọ̀, ariwo pọ̀, díẹ̀ ni ó sì mọ ẹni tí ń kọjá lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra àwòrán títẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Japan tàbí ti ilẹ̀ wa. Ẹ bi oníṣòwò léèrè èwo ni ó ń tà nínú mẹ́ta: ṣé èyí tí a tẹ̀ láyé ayàwòrán ni, tàbí èyí tí a tún pákó rẹ̀ gbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ti ẹ̀rọ? Èkejì kì í ṣe ẹ̀tàn bí a bá pè é ní orúkọ rẹ̀. Ní Tokyo, ilé iṣẹ́ Adachi ṣì ń tún ìgbì Hokusai gbẹ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ti àtijọ́. Èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ náà dára fún kíláàsì. Ẹ̀tàn ni láti gba owó èkínní lórí ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Nínú àwòrán tí a fi ọwọ́ tẹ̀ sórí tákàdá Japan, àwọ̀ a máa mu dé ẹ̀yìn, a sì máa rí ipa ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́ yípoyípo. Ẹ fi dígí wò ó: bí ẹ bá rí àmì kéékèèké tí a tò, ẹ̀rọ ni. Ẹ wo etí rẹ̀ bóyá a ti gé e, ẹ wo ihò kòkòrò, ẹ sì wo òǹtẹ̀ oníṣòwò àti ti àwọn aláṣẹ tí ó máa ń wà lára púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́. Kò sí nọ́ńbà lára ti Edo. Ṣùgbọ́n lára ti òde òní, bí ẹ bá rí 7/50 tí a fi pẹ́ńsùlù kọ sísàlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀dà 50 ni ayàwòrán tẹ̀, èyí sì ni ìkeje. Orúkọ tí ó fọwọ́ kọ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó bá dé ilé, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Àwọn ará Spaulding, ọmọ ìyá méjì tí wọ́n fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Boston ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán Japan ní ọdún 1921, fi dandan lé e pé a kò gbọdọ̀ gbé e kọ́ láé, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀tá mìíràn tún wà: ikán, àti ọ̀rinrin ìgbà òjò. Inú àpótí gbígbẹ ni kí a fi í sí, kí a máa mú un jáde wò, kí a sì dá a padà.

Bí owó ẹnì kan kò bá tó, kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan dá èsúsú. Ẹ̀dà kan ṣoṣo lọ́dún, láti ọwọ́ ayàwòrán tí ó wà láàyè, yóò di mẹ́wàá lọ́dún mẹ́wàá, yóò sì jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ra àwòrán tí kò tí ì wò fún wákàtí kan. Ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi ni òṣùwọ̀n rẹ̀: kí ni mo rí lára rẹ̀?

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi náà padà lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí mo sọ. A dọ̀bálẹ̀ kí bàbá tí ó ni ilé. Bàbá rò pé a wá rà á ni, ó sì wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin náà tún dé? Èèyàn kan ti bèèrè rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.” Mo ní, “Rárá o, Bàbá. A bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tà á. Ẹ jẹ́ kí a bá yín wá pákó mìíràn fún ewúrẹ́.” Bàbá wò wá títí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni a gbé pákó tuntun lọ, a fọ ìlẹ̀kùn náà, a sì gbé e ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tákàdá àti pẹ́ńsùlù. Wọ́n a jókòó sílẹ̀, wọ́n a sì ya ẹṣin náà. Ìgbì òkun mi ṣì wà lára ògiri yàrá mi. Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: “Ẹ̀rọ ni ó tẹ èyí.”